The Immaculate Collection: ṣé orin Madonna gan-an la ń gbọ́ níbẹ̀?

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ orin Madonna láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu, kí n ṣáà wá The Immaculate Collection, àwo tí wọ́n kó àwọn orin rẹ̀ tó lókìkí jọ sí, pé gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kejì ní kí n má dá a lóhùn, pé àwọn orin inú àwo yẹn kì í ṣe ojúlówó. Orin tí Madonna fẹnu ara rẹ̀ kọ, báwo ni kò ṣe ní jẹ́ ojúlówó? Àbí àwọn kan kàn fẹ́ràn àríyànjiyàn ni?

* * *

Èsì

Àbúrò, àwọn méjèèjì ló rí nǹkan sọ, ṣùgbọ́n ti ẹnì kejì ni kó o kọ́kọ́ fetí sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti ra àwo yẹn, wọ́n ti gbọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn ò sì mọ ohun tó ń sọ yẹn.

Oṣù kọkànlá ọdún 1990 ni àwo náà jáde. Orin 17 ló wà nínú rẹ̀. Márùndínlógún nínú wọn ni orin tí ayé ti mọ̀ mọ Madonna, látorí Holiday ti ọdún 1983 títí dé Vogue tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ́dún 1990 yẹn kan náà. Méjì tó kù, Justify My Love àti Rescue Me, tuntun ni wọ́n nígbà náà. Èyí tí wọ́n ti tà kárí ayé lé ní mílíọ̀nù 30. Nínú gbogbo olórin tó ń dá kọrin, kò tíì sí ẹni tí àkójọ orin rẹ̀ tà tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ìjà wà nìyí: àwọn orin àtijọ́ yẹn kò wọ inú àwo náà bí wọ́n ṣe wà. Wọ́n kó wọn padà sí sítúdíò, Shep Pettibone, ẹni tó máa ń tún orin tò fún ilé ijó, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì tún ohùn àti ìlù wọn tò lọ́tun. Wọ́n gé òmíràn kúrú. Wọ́n pààrọ̀ ìlù òmíràn. Madonna ló ń kọrin lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ orin náà látorí rédíò lọ́dún 1985 máa mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan ti yàtọ̀.

Èrò tèmi ni pé ẹni tó bá ní òun kó orin táráyé fẹ́ràn jọ, orin táráyé fẹ́ràn gan-an ló yẹ kó kó jọ. Tó bá fẹ́ tún wọn ṣe, kò sóhun tó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n kó pè é ní àwo àtúnṣe, kí ẹni tó fẹ́ rà á mọ ohun tó ń rà.

* * *

Èsì: lórí QSound

Ẹnìkan ní òun rí ọ̀rọ̀ QSound lára àwo náà, òun ò sì mọ ohun tó ń ṣe.

Bí ẹ bá ní sípíkà méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, àárín àwọn méjèèjì ni orin máa ń wà lọ́pọ̀ ìgbà. QSound ń yí àkókò àti agbára ìró tó ń jáde lára sípíkà kọ̀ọ̀kan padà díẹ̀, débi pé etí á máa gbọ́ ọ bíi pé ìró náà ń ti ẹ̀yìn sípíkà wá, tàbí láti ẹ̀gbẹ́ ibi téèyàn jókòó sí. Ohun tuntun ni lọ́dún 1990, àwo yìí sì wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ṣe.

Ẹ jókòó sí àárín gbùngbùn sípíkà méjì kẹ́ ẹ gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ Lucky Star, ibi tí ìró wínníwínní yẹn ti ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ìlù tó wọlé. Ó fẹ̀ gan-an. Ó dùn mọ́ mi, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ dìde kúrò níbi tẹ́ ẹ jókòó sí, kẹ́ ẹ rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, ìdán náà ti parí nìyẹn. Tó bá jẹ́ fóònù tẹ́ ẹ gbé kalẹ̀ sórí tábìlì lẹ fi ń gbọ́ ọ, ẹ ò ní rí nǹkan kan nínú ẹ̀ rárá. Ohun tó kù fún yín á wá jẹ́ orin tí wọ́n ti gé.

* * *

Èsì: kí ló dé tí wọ́n fi gé wọn?

Torí àyè ni, àti torí rédíò. Sídì ìgbà yẹn kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 lọ. Àwo yìí sì ti lé ní ìṣẹ́jú 73. Wọ́n fún un kún dé ọrùn ni. Tí wọ́n bá ní kí orin 17 wọlé ní gígùn tí wọ́n fi wà tẹ́lẹ̀, sídì méjì ni wọn ì bá fi ṣe é.

Ẹ wo Holiday. Nínú àwo Madonna àkọ́kọ́, ti ọdún 1983, ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́fà. Níbí, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin ni. Borderline lé ní ìṣẹ́jú márùn-ún tẹ́lẹ̀, ó di nǹkan bíi mẹ́rin. Lucky Star tó lé ní márùn-ún ààbọ̀ kò pé mẹ́rin mọ́. Cherish náà pàdánù ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní, "Kí ló wá kù níbẹ̀? Ẹsẹ̀ orin wà, ègbè wà." Mo gbà bẹ́ẹ̀ fún Cherish. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ fún Holiday. Orin ijó ni Holiday. Ilé ijó ní New York ni irú orin bẹ́ẹ̀ ti wá, John "Jellybean" Benitez tó ṣe é pẹ̀lú, ẹni tó ń fi orin sí fún àwọn oníjó ni. Irú orin bẹ́ẹ̀ kì í kánjú. Ó ní láti yí po títí ara á fi gbà á. Ìgbà tí ara ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbà á ni wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ nínú àkójọ yìí.

* * *

Èsì sí ẹni tó ní àwọn àtúnṣe yìí ló dáa jù

Ẹ kọ̀wé pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ń ṣe bí àgbàlagbà tó kórìíra nǹkan tuntun. Express Yourself inú àkójọ yìí ju ti inú Like a Prayer lọ fíìfíì."

Lórí Express Yourself, a jọ gbà. Èyí tó wà nínú àwo Like a Prayer ti 1989, tí Madonna ṣe pẹ̀lú Stephen Bray, ní fèrè lóríṣiríṣi, ìlù rẹ̀ sì rọra ń ta kìtìkìtì bí orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà láyé ọdún 1970. Ó dára, ṣùgbọ́n kò le. Àtúnṣe Pettibone fún un ní egungun ẹ̀yìn. Òun náà ló sì wà nínú fídíò tí David Fincher darí, torí náà fún ọ̀pọ̀ èèyàn òun gan-an ni Express Yourself. Kíkó o sínú àkójọ kò yàn wá jẹ: èyí tá a mọ̀ ni wọ́n fún wa.

Like a Prayer ni mi ò lè gbà. Ẹ lọ gbọ́ ti àkọ́kọ́. Gìtá ló kọ́kọ́ han, a gbọ́ ìlẹ̀kùn tó pa dé gbàgà, gbogbo nǹkan dákẹ́, ohùn Madonna wá wọlé pẹ̀lú ọ́gàànù àtàwọn ẹgbẹ́ akọrin Andraé Crouch lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá yá, báàsì á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré káàkiri lábẹ́ rẹ̀, á ń gòkè, á ń sọ̀ kalẹ̀, á máa bá akọrin jà. Sáà yẹn ni orin náà ń mú èèyàn lọ́kàn. Nínú àkójọ, ìlù ijó ni wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Èèyàn lè jó o, ṣùgbọ́n ìdààmú tó wà láàárín ṣọ́ọ̀ṣì àti ìfẹ́ nínú orin yẹn ti dínkù. Mo ti gbé méjèèjì tẹ̀ léra wọn fún àwọn tí kò mọ Madonna rárá, ti àkọ́kọ́ ló máa ń mú wọn dákẹ́.

Into the Groove náà ńkọ́? Èyí tó wà níbí kọ́ ni èyí tó gbòde lọ́dún 1985 nígbà tí sinimá Desperately Seeking Susan jáde. Wọ́n ti kó ìró mìíràn lé e lórí, ohùn rẹ̀ ń ta padà níbi tí kò ti ń ta padà tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo wọn, torí orin náà kò ní àbùkù kankan tí ẹnikẹ́ni fi lè máa wá ọ̀nà àtitún un ṣe.

* * *

Èsì kúkúrú

"Ṣé The Immaculate Collection gba ipò kìíní?"

Ní Britain, bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án gbáko. Ní Amẹ́ríkà, ipò kejì ló gbà dé. Àwo To the Extreme ti Vanilla Ice ló jókòó lé orí àga nígbà náà, kò sì dìde fún un.

* * *

Èsì: àwọn orin tí wọn ò mú

Mo mọ̀ pé ibí la máa bọ̀. Gbogbo ẹni tó bá ti mọ Madonna ló ní orúkọ orin kan lẹ́nu.

Who's That Girl, ti ọdún 1987, gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà, ó tún gbà á ní Britain. Kò sí níbí. True Blue gba ipò kìíní ní Britain lọ́dún 1986, ó gba ìkẹta ní Amẹ́ríkà. Kò sí níbí. Causing a Commotion gba ìkejì ní Amẹ́ríkà. Òun náà kò sí. Angel àti Dress You Up, bákan náà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń sọ ni pé kí wọ́n yọ Rescue Me, kí wọ́n fi Who's That Girl dípò. Wọ́n ní orin tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ rí, báwo ló ṣe lè wà nínú àkójọ orin tó lókìkí jù?

Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bí òwò yìí ṣe rí. Olólùfẹ́ Madonna tó ti ní gbogbo àwo rẹ̀ nílé, kí ló máa mú un ná owó lórí àkójọ? Orin tuntun ni. Nítorí rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ agbórinjáde fi máa ń fi ọ̀kan tàbí méjì kún un. Nígbà mìíràn, àjẹkù tí kò rí àyè nínú àwo gidi ni wọ́n máa ń kó síbẹ̀. Justify My Love kì í ṣe àjẹkù. Ìlù kan ṣoṣo tó ń lù wọ́ọ́rọ́wọ́, ohùn tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ju pé ó ń kọrin lọ: kò jọ orin kankan tó ṣáájú rẹ̀ nínú àwo náà. MTV, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n orin ní Amẹ́ríkà, kọ̀ láti fi fídíò rẹ̀ hàn, ni wọ́n bá ṣe é sí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ń tà á bẹ́ẹ̀, orin náà sì gun ipò kìíní ní Amẹ́ríkà ní oṣù kìíní ọdún 1991. Ẹ má gbàgbé Ingrid Chavez nínú ọ̀rọ̀ yìí. Orúkọ olórin Lenny Kravitz àti ti Madonna ni wọ́n kọ́kọ́ kọ sí i pé àwọn ló kọ ọ́. Chavez tó lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ orin náà ní láti pe ẹjọ́ kí orúkọ tirẹ̀ tó wọlé.

Rescue Me gba ipò kẹsàn-án ní Amẹ́ríkà, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni mò ń to àwo náà, Cherish ni mi ì bá yọ fún Who's That Girl. Mo mọ̀ pé àwọn kan á fi mí ré lórí èyí.

Ohun kan tí àkójọ yìí ṣe tí mo gbóríyìn fún: Crazy for You. Lọ́dún 1985, inú àwo orin sinimá Vision Quest ló wà, kò sí nínú àwo Madonna kankan títí 1990 fi dé. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ nínú àwo tó jẹ́ ti Madonna, ibí ló ti kọ́kọ́ rí i. Ilé-iṣẹ́ tún gbé e jáde ní Britain lọ́dún 1991, ó sì gba ipò kejì. Iṣẹ́ tó yẹ kí àkójọ orin máa ṣe nìyẹn, kó orin tó ti fọ́n ká wá sílé.

* * *

Èsì: ẹ jẹ́ ká kúrò lọ́dọ̀ Madonna díẹ̀

Ẹnìkan ní mò ń fìyà jẹ Madonna lórí ohun tí gbogbo wọn ń ṣe. Gbogbo wọn kọ́ ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n àwọn kan ṣe ju tirẹ̀ lọ.

Ẹ mú àkójọ Whitney Houston ti ọdún 2000. Sídì méjì ni. Àkọ́kọ́ wà fún àwọn orin jẹ́jẹ́, ìyẹn kò ní wàhálà. Èkejì ni wọ́n ní ó wà fún ijó. How Will I Know wà níbẹ̀, I Wanna Dance with Somebody wà níbẹ̀, So Emotional wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n remix ilé ijó, ìyẹn orin tí wọ́n ti tún tò, ni wọ́n kó síbẹ̀. Ẹni tó bá ra àwo yẹn torí kó lè gbọ́ I Wanna Dance with Somebody bó ṣe gbọ́ ọ lọ́dún 1987, ó ra nǹkan mìíràn nìyẹn. Nǹkan tí mò ń bá Madonna sọ, ìṣẹ́jú díẹ̀ àti báàsì ni. Ti Whitney yìí, orin gan-an ni wọ́n gbé lọ.

Michael Jackson gba ọ̀nà mìíràn lọ́dún 1995 pẹ̀lú HIStory: sídì kan fún orin 15 tó ti lókìkí, sídì kejì fún orin 15 mìíràn. Ìyẹn dáa, torí pé kò sí èyí tó gba àyè èkejì. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ti àtijọ́ nìkan ní láti sanwó fún méjèèjì.

The Beatles ní tiwọn sọ pé àwo 1, tó jáde lọ́dún 2000, orin tó gba ipò kìíní nìkan ló máa wọ̀ ọ́. Òfin tó mọ́ nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè bá wọn jà. Síbẹ̀, Strawberry Fields Forever ò ríbi wọlé. Òfin tó mọ́ máa ń yọ orin tó dára sílẹ̀ nígbà mìíràn. Mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀ ju kí ẹnìkan jókòó sí ọ́fíìsì kó máa yàn bó ṣe wù ú.

* * *

Èsì: ṣé kí n mú èyí, àbí Celebration?

Ìbéèrè yìí dé láti ọ̀dọ̀ ẹni tó béèrè ti àkọ́kọ́, mo sì dúpẹ́ pé ó béèrè é.

Celebration jáde lọ́dún 2009. Sídì méjì ni, orin 36. Who's That Girl wọlé níbẹ̀, Dress You Up náà wọlé. True Blue kò wọlé síbẹ̀síbẹ̀, mi ò sì mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí orin yẹn ṣẹ̀. This Used to Be My Playground, tó gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1992, kò wọlé.

Tó bá jẹ́ iye orin là ń wò, Celebration ló borí. Ṣùgbọ́n wọn ò tò ó bó ṣe yẹ. Hung Up ti 2005 ló ṣíwájú, Music tẹ̀ lé e, Vogue tẹ̀ lé ìyẹn, 4 Minutes, kó tó wá kan Holiday. Ìgbà kan ń fo lé ìgbà kejì lórí. Orin dáadáa ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kò sọ ìtàn kankan fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí The Immaculate Collection ti ju gbogbo wọn lọ nìyí, àbúrò. Látorí 1983 dé 1990, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé bí orin náà ṣe jáde tẹ̀ léra ni wọ́n ṣe tò wọ́n. Nínú Holiday àti Lucky Star, ohùn rẹ̀ ga, ó mọ́lẹ̀, ó jọ ti ọmọdé tó ń sáré. Ní Like a Virgin tí Nile Rodgers ṣe, ó ti ń fi ohùn yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Tó bá wá kan Live to Tell, ohùn ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti wúwo, ẹni tó ní àṣírí lọ́kàn ló ń sọ̀rọ̀. Papa Don't Preach tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. O ò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé ọmọbìnrin yìí ti dàgbà láàárín orin kẹta sí ìkẹjọ, o gbọ́ ọ fúnra rẹ. Àwo mẹ́rin tàbí márùn-ún ni o máa ní láti gbọ́ kó o tó rí ohun tí àkójọ yìí fi hàn ẹ́ ní wákàtí kan àti díẹ̀.

Torí náà, ohun tí mo máa ní kó o ṣe: fi The Immaculate Collection bẹ̀rẹ̀, gbọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ láì fo ìkankan. Lẹ́yìn náà, lọ wá Like a Prayer ti 1989 àti True Blue ti 1986 ní odindi, torí àkójọ yìí gba nǹkan púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

* * *

Èsì: lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹnìkan ní kí la tún ń fa àkójọ fún, nígbà tí kálukú lè to orin tó wù ú sórí fóònù.

Ẹ tò ó, ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ máa wo iwájú orúkọ orin dáadáa. Tẹ́ ẹ bá tẹ Into the Groove, orúkọ kan náà lè gbé oríṣi mẹ́ta mẹ́rin wá. Ẹ wo àwo tó ti jáde, kẹ́ ẹ sì wo gígùn rẹ̀. Tí Holiday tẹ́ ẹ rí bá jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, ti inú àkójọ tàbí ti rédíò nìyẹn. Èyí tó lé ní mẹ́fà lẹ ń wá.

Ẹni tó sì béèrè nípa Finally Enough Love ti ọdún 2022: orin 50 ni, gbogbo wọn ló gba ipò kìíní lórí àtẹ orin ijó Billboard, ìwé ìròyìn orin Amẹ́ríkà, remix ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Mi ò ní ìjà kankan pẹ̀lú àwo yẹn. Wọ́n ti sọ tẹ́lẹ̀ pé orin ilé ijó ni, ohun tí wọ́n sọ ló sì wà nínú rẹ̀. Ẹ fi í sí lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ bá ń yún yín.